Mẹ́sàn-án Lójú Pátákó

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Wọ́n gbé pátákó kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wa, níbi tí tolórí tẹlẹ́mù ń gbà kọjá. Orúkọ àwa oníṣẹ́ abẹ méjèèjì, àti iye ojú abẹ tó kẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Èmi: méjì. Bàbá Abẹ, àgbà wa: òdo. Alákòóso ní ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù lópin oṣù ló máa di olórí yàrá iṣẹ́ abẹ. (Ọ̀gá Rúlà ni mò ń pè é níbí, torí ilà tó máa ń fà sábẹ́ ohun gbogbo.) Mo fẹ́ ipò yẹn. Kí n má purọ́ fún ìwé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Òdo? Ọwọ́ èèyàn kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mo bá obìnrin kan tí mo ṣiṣẹ́ abẹ fún pàdé ní kẹ́mísì. Báńdéjì ló ń rà. Ojú abẹ ikùn rẹ̀ ti ń ṣọyún láti ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kí ló dé tí kò padà wá. Ó ní, “Ojú ló ń tì mí, dókítà. Ẹ̀yin ti ṣe tiyín.” Kò sí lára méjì mi. Ẹni tó bá padà wá nìkan là ń kà.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo àwọn tí mo ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́dún yìí, mọ́kànlélógójì — nídìí tábìlì Ìyá Wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì àgbà wa. Ó ní, “Dókítà mi, ìjà ò wá yín, ẹ̀yin lẹ ń fi fóònù pè é.”

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo pè wọ́n tán: mẹ́sàn-án ló kẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ sí pátákó. Ọ̀gá Rúlà sáré jáde: “Ta ló rán yín níṣẹ́? Àlejò á rí i!” Mo ní ṣebí torí kí wọ́n lè rí i la ṣe gbé e kọ́. Bàbá Abẹ rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀: “Àbúrò, ìgbà wo lọwọ́ ẹ bàjẹ́ tó báyìí?”
Ó dùn mí.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ọkọ mi bi mí bóyá òótọ́ ni mò ń sọ, àbí mò ń fi òótọ́ ṣe fáàrí. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n mò ń sùn dáadáa.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́sàn-án ti wá fọ ojú abẹ wọn. Ti obìnrin kẹ́mísì ti ń jiná. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án wò. Inú mi dùn ju bí ipò ṣe lè mú un dùn lọ. Àbí?

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Ọ̀gá Rúlà fa ilà tuntun sí pátákó: iye ẹni tí a pè. Èmi: mọ́kànlélógójì. Bàbá Abẹ: òdo kejì. Mo bi Ọ̀gá Rúlà pé kí ló dé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: ìyá ìyàwó òun, tí Bàbá Abẹ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ti ń faṣọ bo ojú abẹ tó kẹ̀ láti ọjọ́ méjìlá. Inú ilé òun gan-an!

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n
Mo wọ wọ́ọ̀dù, Bàbá Abẹ ló wà nídìí tábìlì, awò lórí imú, fóònù létí: “Ẹ má bínú, màmá. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lojú ibẹ̀?” Ẹfun ìkọ̀wé ti kun ìka rẹ̀. Mo ti rí pátákó bí mo ṣe ń bọ̀. Mọ́kànlá, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.
Tèmi ló wá kéré jù báyìí.  
Ó ní, “Àbúrò, ó ku mẹ́rìndínlógún. Ojú mi ò ríran mọ́. Wá bá mi ka nọ́ńbà wọn.”
Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ń kà á fún un.