Gunnvor Tamnes, Ìyá Tó Ka Fèrèsé Mọ́ Ìṣirò

Ọdún 1948 ni a bí Màmá Gunnvor Tamnes ní Røros, ní ilẹ̀ Norway, sínú ìdílé Galåen, àwọn awakùsà bàbà.

Màmá gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Trondheim ní 1972. Ní 1974, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Oddmund Tamnes, káfíńtà tí kì í ti fèrèsé yàrá sùn, ìbáà jẹ́ nínú yìnyín. Màmá kò rí nǹkan kan sí i, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dàgbà.

Iṣẹ́ Màmá ni láti ṣírò iye iná mànàmáná tí ilé yóò máa lò bí ẹ̀rọ amúlémóoru, èyí tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, bá wọ ibẹ̀. Wọ́n máa ń wo ògiri, òrùlé àti bí òtútù ṣe ń mú tó. Wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá fi bàtà oníyìnyín wọ ọ́fíìsì wọn yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ní 2004, àwọn arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú gba ẹ̀rọ náà sílé nítorí ìṣirò Màmá. Nígbà tí òtútù fi máa lọ, iná tí wọ́n lò ti ju ohun tí Màmá sọ lọ fíìfíì. Àwọn ará ìlú ń sọ pé Màmá tan arúgbó jẹ. Màmá tún ìṣirò náà ṣe títí, kò yí padà. Ó dùn wọ́n gan-an. Wọn ò bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin mọ́, wọ́n sì fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Borghild Moen, ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà, ló pè wọ́n wá mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Yàrá tí Borghild ń sùn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí, tutù bí ìta, ẹ̀rọ sì ń kùn láìsinmi. Màmá béèrè ìdí tí fèrèsé fi wà ní ṣíṣí.

"Ṣé ìwọ máa ń ti tìẹ sùn ni, Gunnvor?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láyé sítóòfù onígi, ilẹ̀kùn yàrá máa ń wà ní títì. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, àwọn arúgbó ṣí ilẹ̀kùn náà kí ooru lè kárí ilé, ooru sì ń gba ojú fèrèsé lọ. Níwájú gbogbo èèyàn ní ìpàdé àwọn ará ìlú ni Màmá ti sọ pé, "Mo gbàgbé bí àwa fúnra wa ṣe ń sùn." Wọ́n ní kí kálukú máa ti ilẹ̀kùn yàrá. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ fèrèsé ni Màmá kọ́kọ́ ń béèrè ní ilé gbogbo. Wọ́n sì padà sídìí orin.

Màmá jáde láyé lórí ibùsùn wọn ní oṣù kìn-ín-ní, 2024. Bàbá Oddmund ṣí fèrèsé yàrá gbayawu kí ẹ̀mí wọn lè rí ọ̀nà lọ, bí a ti máa ń ṣe. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sókè. Ragna, ọmọ wọn, dìde láti ti ilẹ̀kùn yàrá.

"Fi sílẹ̀," ni Bàbá wí. "A ò ní ka tòní mọ́ ìṣirò."

Bàbá Oddmund, Ragna àti Tarjei tí í ṣe ọmọ, àti àwọn ọmọ-ọmọ ni Màmá fi sílẹ̀ sáyé.

Ẹ sùn re o, Màmá. Kí ilé yín tuntun móoru, kí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí.