Ẹni Tó Kù Láti Pe Sorcha

Etíkun Mayo,
Ilẹ̀ Írẹ́lándì.
Ìparí oṣù kẹta.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ń jẹ́ kí ẹ máa gun òkè lọ sí oko tíì? Mo gbàdúrà kí ìwé mi yìí bá yín nínú ìlera, kí àwọn tó yí yín ká má sì jẹ́ kí ẹ máa dá jẹun. Èmi àti Cóilín ọkọ mi wà láàyè. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìròyìn tí mo ní kò dùn.

Ìyá ọkọ mi ti kú. A sin ín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé Cóilín ti fi fóònù sọ fún yín, àmọ́ èdè tí ẹ̀yin àtòun jọ gbọ́ kò ju "ẹ ṣé" àti "ẹ jẹun" lọ, ó dá mi lójú pé ẹ ò gbọ́ ìdajì. Kì í ṣe ikú nìkan ló mú mi kọ̀wé. Mo ṣe ohun tí ẹ kọ́ mi pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo pe ìyá ọkọ mi lórúkọ, lójú ara rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ ní sùúrù, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi ná. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni mo ti kọ́ èdè Írẹ́lándì. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tọ́ Cóilín dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè rẹ̀. Tó bá ti wọ ọkọ̀ ìpẹja lọ, èmi àti ìyá la máa ń kù sílé, ó sì di dandan kí n mọ ohun tó ń sọ, torí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì bú èèyàn. Lójú àjèjì, kò sí ohun tó pa èdè yìí àti tiwa pọ̀. Tiwọn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó mọ ẹni tó ṣe é. Tiwa, ẹ ó dúró di ìparí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹni náà wá tàbí kò wá. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sọ pé àwọn ní nǹkan. Wọn kì í wí pé "mo ní ilé". Ilé wà lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ń wí, àwa náà sì ń wí bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé ó ti yé gbogbo wa pé kò sí ohun tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí wọn ò lè gbà.

Wọ́n sì gbà á. Ẹ máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń na Màmá Àgbà nílé ìwé nígbà tí àwọn ará Jàpáànù gba ilẹ̀ wa torí pé ó sọ èdè wa, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tiwọn. Ìyá ọkọ mi ní nílé ìwé, igi kan ni wọ́n so mọ́ bàbá àgbà òun lọ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ Írẹ́lándì kan bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ sàmì sára igi náà. Iye àmì ni iye ẹgba. Òun fúnra rẹ̀, Sorcha ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Níbi tó ti ń fọṣọ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní orúkọ náà le jù, wọ́n sọ ọ́ di Sally, ọkọ rẹ̀ mú un, àdúgbò náà mú un. Àwa gba ẹnu wa padà, Màmá. Ní Boseong lọ́dọ̀ yín, ajá pàápàá, èdè wa ló gbọ́. Àwọn ará ibí gba ilẹ̀ wọn padà, wọn ò rí ẹnu gbà tán. Lójú ọ̀nà wa, àwọn tó ń sọ ọ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ìlú ńlá sì ń ra ilé wọn fún ìsinmi.

Ó wá ku Peadar, àbúrò ìyá ọkọ mi ọkùnrin, tó máa ń yọjú lọ́jọ́ Sunday, tí á ti ojú ọ̀nà pariwo pé, "Sorcha! Ṣé o ò tíì kú?" Ìgbà òtútù yìí ni òun alára kú. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ìyá wò mí nídìí iná, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa pè mí mọ́. Ìwọ ló kù. Máa pè mí ní Sorcha."

Màmá, ẹnu mi kọ̀. "Omonim", ìyẹn màmá ti àpọ́nlé, ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, bí gbogbo ìyàwó ilé wa ṣe ń pe ìyá ọkọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èèwọ̀ ni." Ó ní, "Èèwọ̀ ta? Ọlọ́run tó dá mi, 'ìwọ' ni mo ń pè é. Àlùfáà, 'ìwọ'. Ajá, 'ìwọ'. Ta ni mí tí o fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni dúró níwájú adájọ́?" Òótọ́ ló sọ, èdè wọn kò ní ẹ̀yin ti àpọ́nlé. Ní tiwa, èèyàn ò lè béèrè omi mu láìkọ́kọ́ wojú ẹni tó fẹ́ bu omi náà bóyá ó ju òun lọ. Mo ní, "Kò lè yé yín." Inú bí i gan-an. Ó ní, "Ó yé mi. Ṣe lorúkọ mi ń rùn lẹ́nu rẹ."

Kò rùn lẹ́nu mi o, ẹ̀rù ló bà mí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Màmá Àgbà kú, tí ẹ̀gbọ́n yín mú ẹ̀wù olóògbé gun òrùlé, tí wọ́n kọjú sí àríwá, tí wọ́n ń pe orúkọ olóògbé kí ẹ̀mí rẹ̀ lè padà? Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ Màmá Àgbà. Látìgbà náà, lọ́kàn tèmi, àgbà tó bá ti kú nìkan là ń pè lórúkọ. Tí n bá pe ìyá yìí, á dà bíi pé mo ti gun òrùlé lé e lórí.

Ni ìyá bá yan odì. Tí mo bá ní "Omonim", kò ní dáhùn. Màá gbé tíì síwájú rẹ̀, á tutù síbẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kí a máa múra sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó sọ̀rọ̀ láìbínú, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń dún. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó lọ."

Kí ni n bá ṣe, Màmá? Mo se ọbẹ̀ ewé òkun tí ẹ kọ́ mi, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Sorcha." Ó la ojú kan. "Ta ló ń ké bí ológbò tí wọ́n tì mọ́ta? Pè é dáadáa!" Mo tún un pè. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ẹkún sì bá gba ọ̀nà ẹ̀rín. Ó lá ọbẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, kí n tó ṣí fèrèsé láràárọ̀, mo máa pe Sorcha, á sì dáhùn pé, "Mo wà níbí." Ẹ̀rù náà kúrò lára mi pátápátá. Mi ò gbádùn ilé yìí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Tuesday kan ni mo pè é tí kò dáhùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi ṣe ìsìn, kí àwọn ọmọ lè gbọ́. Àwọn èèyàn kún ilé, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ dáadáa, àmọ́ Sally ni gbogbo wọn ń pè. Sally ni àlùfáà pè lórí pósí. Sally ni wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Mi ò bá wọn jà, ìyàwó ilé ni mí, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i, kò sì tíì dùn títí di báyìí.

Èmi nìkan ló pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Láàárọ̀ Tuesday yẹn, kí n tó jí Cóilín, mo mú súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù rẹ̀ níbi ìkọ́. Òrùlé wa ń yọ̀, mi ò lè gùn ún, mo bá lọ sẹ́yìnkùlé, mo kọjú sí àríwá, síhà òkun. Ó yẹ kí n figbe ta bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe ta á. Ṣùgbọ́n ohùn àràárọ̀ ló jáde lẹ́nu mi, èyí tí mo fi ń jí i. Àwọn tiwa nílé, tí wọ́n bá ti pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé òkú ni wọ́n ń pè. Èmi dúró kó dáhùn. Mo dúró nínú òjò títí Cóilín fi wá dì mí mú wọlé.

Ẹ má bínú sí mi, Màmá. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún orúnkún yín lágbára, kí ó sì fi ẹni tí yóò máa bá yín sọ̀rọ̀ sí tòsí yín títí ọjọ́ alẹ́.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin tó wà lọ́nà jíjìn,
Geum-ran.

Àfikún: Bí mo ṣe ń ká ìwé yìí, Cóilín jókòó tì mí, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ìyá òun. Ó gbìyànjú, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e. Ó ní kí n tún un pè kí òun gbọ́. Mo pè é, àwa méjèèjì sì ń tẹ́tí.