Ta Ló Ń Gbá Sinúkà, Èmi Àbí Ọtí?

Ọjọ́ Àìkú, 3 Ẹrẹ́nà 2019

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n tí ọtí ò kan ẹnu mi. Mo lọ sí ilé sinúkà Wiso lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti kúrò lọ́sibítù. Ọ̀sán gangan ni mo lọ. Mo rò pé ojúmọmọ á gbà mí sílẹ̀.

Wiso, ọmọ àbúrò bàbá mi, òun ló ni ilé náà. Ó dì mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi léegun. Ó to bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ òsì tí mo gbé ọ̀pá lé ń gbọ̀n bí adìẹ tí òjò pa. Bọ́ọ̀lù kan wà lẹ́nu ihò gan-an, bí ọmọdé bá fẹ́ atẹ́gùn sí i, á wọlé. Mo gbá a. Ó kọ̀. Mo tún gbá a. Bọ́ọ̀lù funfun tí a fi ń gbá ìyókù ló kó sínú ihò.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Papo oníbúrẹ́dì sún mọ́ mi, ó ní, "Migdalia, mu ife kékeré kan péré, kọ́wọ́ ẹ lè rántí iṣẹ́ ẹ̀." Wiso jágbe mọ́ ọn pé kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́ tàbí kó jáde. Mo mú báàgì mi. Mo lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ẹrẹ́nà

Mi ò sùn. Ẹ̀gbọ́n ń pè mí. (Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pe ọtí ìrèké níbí. Mi ò fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀.)

Ọjọ́rú, 6 Ẹrẹ́nà

Mo se ìrẹsì àti òtìlí fún ọmọ ilé-ìwé igba ó lé mẹ́wàá, mi ò sì rántí bóyá mo fi iyọ̀ sí i. Wọ́n jẹ ẹ́ tán ṣá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí mi. Èmi Migdalia ni mo gba ife ẹ̀yẹ sinúkà àwọn obìnrin Utuado, ìlú wa, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra: 2016, 2017, 2018. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ife. Ife àkọ́kọ́, ọwọ́ á rọ̀. Ìkejì, ariwo á dákẹ́. Ìkẹta — háà, ìkẹta! Tábìlì á tẹ́ lọ bí pápá, ihò kọ̀ọ̀kan á là gbàgà bí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní í ronú rárá. Mo kàn máa ń gbá a ni.

Lóòótọ́, bí wọ́n bá rán mi gẹ́gẹ́ bí olúborí lọ bá àwọn ará San Juan, olú ìlú, gbá a, eré àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń lé mi wálé. Tábìlì ìlú ńlá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn.

Ní báyìí, bó bá jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n ló ń gbá a ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ṣe ni mo kàn ń bá a mú ọ̀pá dání?

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Ẹrẹ́nà

Àǹtí Carmín, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wá kí mi. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín wá, ó sì gbé ìbáwí lé e lórí. Ó ní ẹni tí iná jó kì í lọ jókòó nílé alágbẹ̀dẹ. Ṣé mo ti gbàgbé ẹ̀jẹ̀ tí mo bì sórí aṣọ ibùsùn òun ni? Ṣé mo ti gbàgbé dókítà: "Ẹ̀dọ̀ yín ti ń kú. Ẹ mú ọ̀kan, ọtí tàbí ọjọ́ ogbó"?

Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti lọ sí Orlando láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mi ò bímọ. Bí mo bá dé ilé sinúkà, wọ́n á pariwo orúkọ mi. Ibo ni wọ́n tún ti ń pariwo orúkọ ẹni tó ń se ìrẹsì?

Mo sọ fún un pé mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ti ọdún yìí. Ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ó gbé àwo ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Ẹrẹ́nà

Papo nà mí. Papo! Ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, tí mo ti ń nà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Eré márùn-ún sí òdo. Lẹ́yìn náà ni aya Papo nà mí. Lẹ́yìn náà ni Wiso fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ bọ́ fìlà.

Gbogbo ẹni tí mo ń nà tẹ́lẹ̀ ló ń nà mí. Kí ló yí padà? Ohun kan péré. Mi ò mutí mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ẹrẹ́nà

Mo ra ìgò kékeré kan. Mo fi í sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Mi ò tíì ṣí i. Fún ọjọ́ ìdíje nìkan ni. Ife mẹ́ta, kí tábìlì lè tẹ́. Ife mẹ́ta péré kì í pààyàn lọ́jọ́ kan.

Irọ́ ni mò ń pa fún ìwé báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ẹrẹ́nà

N ó kọ eléyìí kí n tó sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, mo jẹun lọ́dọ̀ Àǹtí Carmín. Mo rántí pé òun ló fi fóònù ya fídíò àṣekágbá ọdún tó kọjá, èmi àti Ivelisse, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì eyín. Mo ní kó jẹ́ n wò ó. Mo fẹ́ wo bí mo ṣe máa ń fi ọwọ́ lélẹ̀, kí n lè kọ́ ọ padà. Àǹtí Carmín wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Ó gbé fóònù fún mi, ó wọ ilé ìdáná, kò jáde mọ́.

Obìnrin kan wà nínú fídíò yẹn. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, irun rẹ̀ bò ó lójú. Ó ń rọ̀ mọ́ etí tábìlì kó má baà ṣubú. Ó gbá bọ́ọ̀lù funfun wọnú ihò, àṣìṣe nìyẹn. Papo ló ń ṣe onídàájọ́, ó gbójú sókè bí ẹni ń ka alángbá lára àjà, kò rí nǹkan kan. Ivelisse yọ bọ́ọ̀lù náà jáde wẹ́rẹ́, ó fi í síbi tó máa rọrùn fún obìnrin yẹn. Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀lù kẹsàn-án, tí ẹni tó bá gbá a wọlé ló jẹ eré, wà lẹ́nu ihò níwájú rẹ̀. Òun ni ì bá jáwé olúborí. Ó gbá a lọ sápá ibòmíràn. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Afọ́jú á mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Obìnrin yẹn gbá a wọlé lẹ́yìn ìgbìyànjú mẹ́rin. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Papo ṣẹ́jú sí Wiso.

Èmi ni obìnrin yẹn. Lójú tèmi, bí iná ni mo ṣe ń gbá a lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé, 18 Ẹrẹ́nà

Mo bá Wiso lówùúrọ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu aṣọ tábìlì. Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Kò bi mí pé kí ni. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ó ní ọdún 2015 ni. Mo pàdánù sọ́wọ́ òun, mo sunkún, mo nà sórí sìmẹ́ǹtì, mo mu ife mẹ́rin sí i, mo wọ mọ́tò, mo fi mọ́tò lu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rántí ògiri yẹn. Mi ò rántí ẹkún.

"Ní ọjọ́ kejì la ṣèpàdé," ó ní. "Bí Migdalia bá jẹ eré, á máa dunnú, á tètè lọ sílé. Bó bá pàdánù, á jókòó, á máa mu ún títí. La wá pinnu pé kò ní í pàdánù mọ́. A ò fẹ́ sin ẹ́, ọmọ bàbá mi."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń nà mí bí aṣọ òfì báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ṣebí aláìsàn là ń fi ṣíbí fún lóúnjẹ. Ara ẹ ti yá. Fọwọ́ ara ẹ jẹun."

Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo pè é ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí tàbí kí n dì mọ́ ọn. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Ẹrẹ́nà

Ìgò ṣì wà lẹ́yìn ìrẹsì. Èmi náà ṣì wà níwájú rẹ̀. Òní ló le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́rú, 20 Ẹrẹ́nà

Mo dà á sínú kòtò ìdọ̀tí. Mo fi omi ṣan ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbogbo ìlú mọ̀. Ọdún mẹ́ta! Wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń gbé ife ẹ̀yẹ rìn láàárín ọjà, wọ́n ń kí mi kú oríire.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ẹrẹ́nà

Ivelisse dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Wiso ti sọ fún un. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Mo ní ta ló yẹ kó bínú? Ọdún mẹ́ta ló fi ń yọ̀ǹda San Juan fún mi. Ó yẹ kó ti lọ, kó ti gbá a pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá. Ó wolẹ̀. Ó ní ìgbà kẹta yẹn, òun sunkún délé.

Mo bẹ̀ ẹ́ ohun kan: bí a bá pàdé lọ́jọ́ Àìkú, kó má ṣàánú mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí, ẹ má sọ pé ara yín ò yá o." Ọmọ burúkú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Ẹrẹ́nà

Wákàtí mẹ́rin lórí tábìlì. Ọwọ́ ṣì ń gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Ẹrẹ́nà

Láàárọ̀, mo fi agbára káká la àwọn ìpele tó ṣáájú kọjá. Agogo méjì ọ̀sán la bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ eré méje. Ivelisse wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, kò wo ojú mi. Ó jẹ mẹ́rin kí n tó jókòó dáadáa sórí àga. Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ tọ̀, kí n má padà.

Kí ni mo rí nígbà tó tún kàn mí? Gbogbo nǹkan. Ìyẹn ni wàhálà àìmutí. Mo rí ṣọ́ọ̀kì lórí ìka mi, mo rí ojú Àǹtí Carmín lẹ́yìn, mo gbọ́ èémí ara mi. Mo dúró kí ọwọ́ dákẹ́. Kò dákẹ́. Mo wá gbá a bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbígbọ̀n rẹ̀. Ó wọlé. Mo gbá òmíràn. Ó wọlé. Mo ṣi ọ̀kan, Papo onídàájọ́ kígbe lójú ẹsẹ̀: "Àṣìṣe!" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fi ẹnu ko apárí ẹ̀.

Mẹ́rin sí ọ̀kan. Márùn-ún sí mẹ́ta. Mẹ́fà sí mẹ́rin. Eré kọkànlá, bọ́ọ̀lù kẹsàn-án jìnnà, tábìlì gùn bí ọ̀nà ìlú Ponce. Mo gbá a. Ó rìn títí, ó já sí ihò. Mẹ́fà sí márùn-ún.

Ivelisse ju ṣọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀. Ó bú mi. Ó bú ìyá tó bí mi, lójú gbogbo èèyàn, ojú ẹ̀ pọ́n bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Wiso ní kó tọrọ àforíjì. Mo ní kó má tọrọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ tó tún ń búni lé e.

Ó to bọ́ọ̀lù eré kejìlá. Ó gbá gbogbo rẹ̀ tán, mi ò tilẹ̀ dìde lórí àga. Méje sí márùn-ún. Mo pàdánù. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun ni wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀, ó sì tọ́ sí i.

Mo fẹsẹ̀ rìn délé. Mi ò sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 25 Ẹrẹ́nà

Ivelisse pè mí lórí fóònù kí n tó gbé ìkòkò kaná. Kò kí mi dáadáa. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí San Juan, òun nílò ẹni tó lè yọ òun lẹ́nu lórí tábìlì. Mo ní kó lọ bá Wiso.

"Wiso ò jẹ eré márùn-ún lọ́wọ́ mi rí, Àǹtí."

Mo gbé ìkòkò kaná. Ó ní ṣé mo ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní mo wà níbí. Ọ̀la, agogo mẹ́rin, tí mo bá ti fọ ìkòkò ilé-ìwé tán.