Ooru Ọkọ̀ Kọ́ Ni Ìyá Mi Ń Sá Fún

Ìkòròdú, Sátidé, oṣù Máàṣì, 1956

Mo tún ọkọ̀ ṣe láàárọ̀ yìí. Ẹ̀rọ kan tí àwọn òyìnbó fi sínú rẹ̀ nítorí òtútù ìlú wọn ti bàjẹ́, kò ṣeé pa mọ́, ó kàn ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí wa lára nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Mo yọ rọ́bà tó ń gbé omi gbígbóná wá sínú rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì, mo sì dí ojú ibẹ̀ pa.

Nítorí ìyá mi ni. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n kúrò ní Ẹ̀pẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ mú wọn, wọ́n ní ooru ọkọ̀ náà yóò pa àwọn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Mo padà lọ lónìí. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n na ọwọ́ síbi tí ooru ti ń jáde tẹ́lẹ̀.

“O ṣe é dáadáa, Rájí. Ooru kọ́, ọmọ mi. Níbí, mo mọ ọ̀nà etí ọ̀sà, mo sì mọ ohùn ẹni tó bá kí mi. Ìkòròdú ni n ó ti di afọ́jú.”

Bóyá mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ò lè sọ.

Mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo di ọwọ́ wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Àwọ̀n tí àwọn apẹja sá kún àgbàlá. Èmi ni mo kọsẹ̀. Ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.