Ọwọ́ Òsì Ni Kí Wọ́n Gbà

Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, Atukọ̀,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ara ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, mo ń jẹun, n kò ní ibà. Ọdún méjìlá rèé tí n kò kọ̀wé sí ọ, mo sì mọ̀ pé bí o bá rí ìkọ̀wé mi lára àpòòwé yìí, ó lè ṣe ọ́ bíi kí o fi dáná. Jọ̀wọ́, kà á tán ná, kí o tó wá fi dáná.

Ilé ọmọ mi ọkùnrin ni mo wà báyìí, ní àjà kẹta. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo jáde lọ ra bátìrì rédíò, mo sì ṣìnà. Ibùdókọ̀ ni wọ́n ti rí mi, pẹ̀lú sálúbàtà méjì tí kò bára mu lẹ́sẹ̀ mi. Láti ọjọ́ náà, bí ìyàwó ọmọ mi bá ti ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á gbé oúnjẹ mi sórí tábìlì, á ní, "Bàbá, ẹ má bínú o," á sì fi àgádágodo tì mí mọ́lé láti ìta. Kì í ṣe ìkà, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ ìwé atọ́nà mẹ́ta lórí odò kan ṣoṣo, ọ̀kan fún ọlọ́kọ̀, ọ̀kan fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí omi, ọ̀kan fún ẹni tó gbé ọ̀pá ìwọ̀ dání, ìrìn mi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án lọ mọ́: láti ibùsùn dé fèrèsé, láti fèrèsé padà sí ibùsùn. Bí wọ́n bá ní kí n kọ ìwé atọ́nà fún yàrá yìí, n ó kọ ọ́ láìṣí ojú.

Ọmọ mi ló ń tẹ àwọn ìwé náà báyìí. Ó fẹ́ tún ti ọlọ́kọ̀ tẹ̀, ó wá kó àwọn ojú ìwé rẹ̀ fún mi kí n fi pa ìrònú rẹ́. Ó ní ọmọ rẹ obìnrin ló béèrè fún ogójì ẹ̀dà, pé ó ti ra ọkọ̀ kéékèèké mẹ́wàá tí àwọn àlejò yóò máa wà fúnra wọn, ìwé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn gan-an. Mo kà á dé ojú ìwé kọkànlélógójì, ara mi sì tutù. Níbi àpáta méjì tí ìwọ sọ ní Tọkọtaya nítorí pé wọ́n kẹ̀yìn síra wọn bí ẹni tó jà, ohun tí mo kọ ni pé: "Gba ọwọ́ ọ̀tún."

Atukọ̀, ìwọ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún níbẹ̀. Òkúta tó sá pamọ́ sábẹ́ omi, tó lè ya ikùn ọkọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ya bébà. Ọwọ́ òsì ni omi ti tẹ́jú.

N ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òfin àwa tí a ń kọ ìwé odò ni pé, kí a tó pe ọ̀tún tàbí òsì, a gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí orísun, kí a kọjú síbi tí omi ń ṣàn lọ. Ọjọ́ tí ó yẹ kí a wa ọkọ̀ dé Tọkọtaya ni ọjọ́ tí o bi mí bóyá orúkọ rẹ yóò wà lára ìwé náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń kọ orúkọ ẹṣin sára lẹ́tà tó gbé wá ni?" O já mi sí èbúté ìsàlẹ̀, o yí ọkọ̀ padà, o lọ. Mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ sókè létí omi, mo kọjú sí orísun, mo wo àpáta náà láti ẹ̀bá, mo sì kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀. Ìbínú kò jẹ́ kí n rántí láti yí i padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kò sí kọ̀rọ̀ kan tí n kò fi ọkọ̀ kọjá. Irọ́ ni.

Kò tíì pa ẹnikẹ́ni nítorí pé ìwọ ni gbogbo wọn ń bá lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwọ lo di àjẹ̀ mú. Ní báyìí, ìwé nìkan ló kù.

Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ mi lánàá. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá, ẹ ti kọ ọ́ fúnra yín pé ẹ fi ọkọ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹ ti ń gbàgbé nǹkan ni. Ẹ sinmi." Mo pariwo, ó sì kó àwọn ojú ìwé náà lọ kí n má bàa da ara mi láàmú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tí èèyàn ń ṣe bí òtítọ́ bá bá a tán tí kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀kùn yìí kò dùn mí tó ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà yóò wọ ẹ̀rọ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ̀ pé n kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà àfi ìwọ. Sọ fún ọmọ rẹ, kí o sì wá sọ fún ọmọ mi. Má torí tèmi wá. Torí àwọn àlejò ni kí o fi wá.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin yẹn, mo tọrọ àforíjì. Èmi gan-an ni mo jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹrù ní gbogbo ọdún yẹn. Bí o bá dé, ní kí ọmọ mi kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn ìwé náà, kí ó sì ṣáájú tèmi.

Kí Ọlọ́run mú ẹ̀yìn rẹ le. Kí omi máa mọ̀ ọ́, kó máa mọ ọmọ rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá òkú lójú ọ̀nà tí mo júwe.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tó fẹsẹ̀ rìn nígbà tó yẹ kó bẹ̀bẹ̀,
Akọ̀wé Odò

Àfikún: Wọn kò mọ̀ pé ọ̀pá ìwọ̀ mi wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Láàárín irin fèrèsé ni n ó ti fi okùn rẹ̀ sọ lẹ́tà yìí kalẹ̀ fún ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀, òun ni yóò bá mi fi ránṣẹ́. Bí o kò bá lè wá, fi èsì rẹ ránṣẹ́ sí i, yóò fi kọ́ ìwọ̀. Mi ò ní fa okùn náà sókè títí èsì rẹ yóò fi dé.