Wọ́n Gún Gíláàsì Mọ́tò Wa Lábẹ́rẹ́

Ilé Oyèdìran,
Jikpan, Minna.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 1982.

Àkànjí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Roseline aya rẹ àti Oyèbọ́lá ọmọ wa ń jí ire? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín ní Èkó, níbi tí òkun ti sún mọ́ ilé ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, kò ní tòògbé lórí yín. Ibi iṣẹ́ rẹ kò ní gbóná mọ́ ọ. Àwọn tó ń bínú rẹ láìnídìí yóò rí nǹkan mìíràn ṣe. Bí o bá fẹ́ sọdá títì, wo ọ̀tún, wo òsì, kí o sì tún wo ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ará ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àmín.

Àwa náà wà láàyè. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń ro mí, ti òsì ti gbọ́, òun náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀, kò sí ọjọ́ tí a jí tí a kò bá nǹkan tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Soje níbi tí a ti ń gbin ọkà bàbà, ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ri òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì fi iná sórí rẹ̀, iná náà ń tàn ní ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn wà níbẹ̀. Mo dúró lábẹ́ ọ̀kan títí, mò ń retí ẹni tí yóò wá pa á, kò sí ẹni tó wá. Ìjọba ní agbára, Àkànjí.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí ni ti mọ́tò Pijó tí o rà fún wa. Jọ̀wọ́ jókòó kí o tó kà á. Bí Roseline bá wà nítòsí, kí ó bu omi fún ọ. Kò sí ẹni tó kú.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù tó kọjá, Jẹ̀lílì dírẹ́bà ń gbé èmi àti ìyá rẹ bọ̀ láti Shango, níbi tí a ti lọ ra ìbora tí a ó mú lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàdúná. O mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, ni dókítà ojú yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni dókítà náà ń wá lọ́dún. Bí a bá pàdánù ọjọ́ yìí, ó di oṣù Kẹwàá, nọ́ọ̀sì sì ti sọ fún wa pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìyá rẹ yóò ṣì máa rí òjìji ènìyàn títí di ìgbà náà.

Típà kan tó kó òkúta ọ̀nà tuntun ń lọ níwájú wa. Òkúta kan tí kò ju èkùrọ́ lọ fò kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dún gbà lára gíláàsì iwájú. Jẹ̀lílì ké "Wayyo Allah!" Èmi rò pé ìbọn ni. Mo ti ìyá rẹ mọ́lẹ̀ láàárín àga, mo sì sùn lé e lórí. Nígbà tí a rí i pé a kò kú, ó ní òun dúpẹ́ fún ìfẹ́ mi, ṣùgbọ́n kí n dìde lórí irun òun, àná ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í.

A sọ̀kalẹ̀ wò ó. Ojú kan ló wà nínú gíláàsì náà, ó kéré bí hóró ọkà bàbà, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ sì yọ lára rẹ̀ bí ti aláǹtakùn. Ẹsẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ. Nígbà tí a délé mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ íǹsì kan lé díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó di íǹsì kan àbọ̀. Àkànjí, ohun náà ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ní sẹ́kọ́ńdìrì wọ́n kọ́ wa pé ooru a máa mú nǹkan fẹ̀, nítorí náà mo ní kí Jẹ̀lílì gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò. Ó gbé e síbẹ̀ tán ni mo tó rí i pé máńgòrò ti so. A gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òbúkọ aládùúgbò wa rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì, ó rò pé òbúkọ mìíràn ló wá gba ìyàwó òun, ó sì ń fà sẹ́yìn kí ó lè wá kàn án. Mo sáré mú ìbora tuntun, mo fi bò ó. Nígbà tí ìyá rẹ béèrè ibi tí ìbora wà, mo ní aláìsàn ló ń lò ó.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Bí irin bá sán, a kì í sáré pa ọ̀nà tì. Àṣẹ wa ni pé kí ọkọ̀ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹnì kan mú àsíá aláwọ̀ ewé rìn níwájú rẹ̀ títí yóò fi kọjá ibi tó sán. Mo rò ó pé ohun tó tọ́ sí irin tọ́ sí gíláàsì. Mo yọ àsíá mi nínú àpótí. Ní ọjọ́ Àìkú a gbéra láti Jikpan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi níwájú pẹ̀lú àsíá, Jẹ̀lílì ń bọ̀ lẹ́yìn mi lórí jíà kìíní, ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn nínú mọ́tò. Ìṣòro kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ní rélùwéè, ọkọ̀ a máa kọjá ibi tó sán. Ṣùgbọ́n èyí tó sán yìí ń bá wa lọ ni, n kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí n ti ká àsíá mi.

O mọ bí Minna ti rí báyìí, bí àwọn ènìyàn bá ti rí ọkọ̀ tí àsíá wà níwájú rẹ̀, wọ́n ti gbà pé gómìnà ni. Àwọn alùpùpù yà sẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn àgbàlagbà ṣí fìlà, wọ́n ń kígbe "Ranka ya dade!" Ọlọ́pàá tó wà ní oríta dá gbogbo ọkọ̀ yòókù dúró, ó sì lu ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wa. N kò lè ṣàlàyé fún un, nítorí ẹni tó mú àsíá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ bi Jẹ̀lílì pé ta ni wọ́n ń kí. Jẹ̀lílì ní haba Màmá, ẹ̀yin mà ni. Ni ìyá rẹ bá gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí wọn lọ́tùn-ún lósì títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín nígbà tí a wọlé. Ìyá rẹ ní láti ìgbà tí òun ti dé Minna, kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún òun báyìí rí, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn dé Kàdúná, dókítà yóò ti fẹ̀yìntì kí a tó dé.

Òtítọ́ ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí, n kò lè fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Kàdúná. Ọkọ̀ ojú irin ni ǹ bá fi gbé ìyá rẹ lọ, ṣùgbọ́n dókítà ní lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ há sáàárín èrò, ẹrùpẹ̀ àti atẹ́gùn kò sì gbọdọ̀ kan ojú náà. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà nígbà tí Jẹ̀lílì ń sọ pé kí a máa lọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ń bẹ. Bí gíláàsì yìí bá fọ́ nígbà tí a bá ń bọ̀, gbogbo eruku ọ̀nà ni yóò wọ ojú ìyá rẹ.

Mo wá ranṣẹ́ pe Àbdùlbáàkí, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣe gíláàsì mọ́tò ní Shango. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kí a yọ ọ́, kí a fi òmíràn sí i. Tuntun yóò ti Kánò wá, yóò sì gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà yóò ti lọ. Èyí tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ara mọ́tò kan tó já sí kòtò ni wọ́n ti yọ ọ́. Kò ní àléébù kankan. Ṣùgbọ́n mo bi í pé kí ni gíláàsì náà rí kẹ́yìn. Mo ní gíláàsì tó ti mọ ọ̀nà kòtò, èmi kò ní jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní Bàbá, gíláàsì kì í rántí nǹkan. Mo ní ta ló bi í léèrè?

Ọ̀nà kejì, ó ní kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀, òun yóò gún un lábẹ́rẹ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣí àpótí kékeré kan, abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, bíi ti nọ́ọ̀sì, àti oògùn kan tó mọ́ bí omi òjò. Ó ní bí oògùn náà bá wọ inú ibi tó sán tí oòrùn sì pa á, yóò di gíláàsì. Kàdúná ló ti kọ́ ọ.

Ìyá rẹ ní kí ó gún un. Èmi ní kí a dúró. Mo béèrè bóyá wọ́n ti gún mọ́tò mìíràn ní abẹ́rẹ́ yẹn. Ó ní mẹ́rin. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ se abẹ́rẹ́ náà, bí nọ́ọ̀sì ti ń ṣe. Ó wo ojú mi, ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó sì sè é nínú kẹ́tùlù tíì wa. Mo bi í pé bí gíláàsì bá fọ́ ńkọ́. Ó ní òun kò ní purọ́ fún àgbà, ó máa ń fọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ó dáa, fọ́ọ̀mù tí n ó fọwọ́ sí dà? Ó ní fọ́ọ̀mù kẹ̀?

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti dá sí i. Ó ní Bàbá Àkànjí, bí wọ́n bá fún yín ní fọ́ọ̀mù, ṣé ẹ ó fọwọ́ sí i?

Ọmọ mi, n kò sọ fún ọ. Láti oṣù Kìíní ni ilé ìwòsàn ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, pé kí ọkọ aláìsàn fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, òun ti gbà. N kò fọwọ́ sí i. Inú Bíbélì ni mo fi í sí, mo ní mò ń wá bírò tó dáa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, n kò fọwọ́ sí ẹrù tí n kò tíì rí rí.

Ìyá rẹ kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Ó ní ọdún mẹ́ta ni ojú òun ti ń bàjẹ́, òun kò rí ẹni tó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó ní kì í ṣe gíláàsì ni mò ń mú àsíá rìn níwájú rẹ̀. Jẹ̀lílì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo táyà tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kí Àbdùlbáàkí gún un.

Àkànjí, mo rí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tó ń jẹ epo kọ́kọ́ wọ Minna tí kò rú èéfín, tí a rò pé iná ti kú nínú rẹ̀. Kò tó èyí. Abẹ́rẹ́ wọ inú ohun tí kò ní ẹran, tí kò ní ẹ̀jẹ̀. Oògùn ń rá wọ ẹsẹ̀ aláǹtakùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi ti ń wọ ilẹ̀ tó gbẹ, ibi tó bá sì dé, ẹsẹ̀ náà á pòórá lójú wa. Èyí tó gùn jù ló gbẹ̀yìn. Mo ti ṣí fìlà mi kí n tó mọ̀. Nígbà tí oòrùn pa á tán, Àbdùlbáàkí fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Kò fọ́.

Ìyá rẹ ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Ó fi èékánná wá a, ó ní ṣé ìwọ̀nba èyí tó rí bí orí abẹ́rẹ́ yìí náà ló kù? Ó bi Àbdùlbáàkí bóyá ó dun gíláàsì náà. Ó ní Màmá, kò sunkún. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ mú fọ́ọ̀mù òun wá.

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo ti fọwọ́ sí i. Lábẹ́ orúkọ mi, mo kọ ọ́ pé, "Mo gbà kí wọ́n ṣe é. N kò gbà kí nǹkan ṣẹlẹ̀." Jẹ̀lílì ní wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn. Mo kọ ọ́ ní wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún, la ó gbéra. Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oúnjẹ wa ní Kàdúná, fún awò ojú dúdú tí ìyá rẹ yóò máa lò, àti fún Àbdùlbáàkí, nítorí gbogbo èyí tí mo ní lọ́wọ́ ni mo fún un, kò sì tíì pé. Fi rán John tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ ojú irin, má fi sí báǹkì. Èyí tí o fi sí báǹkì ní Èkó lóṣù Kejìlá, nígbà tí mo lọ gbà á níhìn-ín, owó mìíràn ni wọ́n kà fún mi, n kò sì tíì mọ ibi tí tìrẹ gangan wà títí di òní.

Ìyá rẹ ní kí o má fi fọ́tò Oyèbọ́lá ránṣẹ́ mọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì, ọwọ́ nìkan ni ìyá rẹ fi mọ ojú rẹ̀. Ó ní kí ẹ gbé e wá lọ́dún Àjíǹde. Gbogbo yín ń sọ pé imú òun ni ọmọ náà gbé, ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wò ó, kí ó lè mọ ẹni tó ń purọ́ nínú yín.

Ọlọ́run yóò mú yín dé láìfarapa. Yóò pa yín mọ́ fún wa, yóò sì pa ìyá yín mọ́ fún èmi.

Èmi ni bàbá rẹ,
James Akínladé Oyèdìran.