Ohùn Mi Nínú Kíbọ́ọ̀dù

Màámi,

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa, ẹ má ṣàníyàn. Èmi ṣì ni elégbè fún àwọn olórin tó ń wá gba orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń lu ìlù, tó ń ta gìtá, tó tún ń fun fèrè. Ohùn èèyàn nìkan ni kò ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ní kí n má kọrin, kí n kàn máa ké “aa” sínú máìkì, ohùn kan lẹ́ẹ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Àbúrò mi, máìkì la kàn ń dán wò.” Wákàtí méjì gbáko la fi dán an wò.

Lánàá, mo gbọ́ ohùn ara mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbe orin tí n kò kọ rí. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ìka ọ̀gá lórí kíbọ́ọ̀dù.

“Ṣé o rí i bí o ṣe dùn tó?”

“Mo rí i, sà.”

Ó ní ó ku ohùn òkè mẹ́ta, ká parí rẹ̀ lọ́la. Tó bá wá pé, kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Kò dùn mí o. Ṣùgbọ́n bó bá pè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé láti kékeré ni ọ̀fun ti máa ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní mo ń jẹun, mo ń sùn, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ọmọ yín.